Ẹni Tó Ka Ọmọ Ọlọ́mọ ní Venez-Voir

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Adédàpọ̀ fi fọ ìgò ní yàrá sáyẹ́ǹsì ilé ẹ̀kọ́ girama aládàáni kan ní Libreville, olú ìlú Gabon. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó to ohun èlò sílẹ̀ kí olùkọ́ tó wọlé, kí ó sì kó wọn kúrò nígbà tí olùkọ́ bá jáde. Ó mọ èyí tí í gbiná nínú àwọn oògùn inú àpótí, ó mọ èyí tí í jẹ aṣọ, ó sì mọ ibi tí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan ti máa ń ṣìṣe. Ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ kan tí wọ́n ní kí ó wá dúró níwájú akẹ́kọ̀ọ́, torí kò ní ìwé ẹ̀rí. Ọdún tó yẹ kó ṣe ìdánwò àṣekágbá ni bàbá rẹ̀ kú, ọkùnrin ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ń tún aago ṣe ní ọjà Mont-Bouët, ó sì di dandan kí àkọ́bí wá iṣẹ́.

Libreville ni wọ́n bí i sí. Ẹnu ìyá rẹ̀ ló ti gbọ́ Yorùbá, ilé ẹ̀kọ́ ló sì fi Faransé sí i lẹ́nu. Ó ń sọ Yorùbá dáadáa tó láti fi kí àgbà, láti fi ra nǹkan, láti fi bá ìyàwó rẹ̀ ṣeré. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó jókòó sí ẹ̀yìnkùlé ló ṣe gbọ́ ọ: ó gbọ́ ọ̀rọ̀, kò gbọ́ ohun tí wọ́n ti sọ nínú ilé kó tó dé.

Régine ni ìyàwó rẹ̀, aránṣọ, Nàgó, ìyẹn Yorùbá ilẹ̀ Benin, ará Pobè. Wọ́n ti wà pa pọ̀ fún ogún ọdún ó lé. Oyún méjì ló bàjẹ́ lára Régine, ìkẹta kò sì wá mọ́. Láàárín àwọn ará wa, orúkọ ọmọ ni a fi ń pe àgbà: Ìyá Tùmínínú, Bàbá Loïc. Nítorí pé kò sí ọmọ tí wọ́n lè fi pe ọkùnrin yìí, Mésìé Dàpọ̀, Ọ̀gbẹ́ni lédè Faransé, ni gbogbo àdúgbò Venez-Voir ń pè é, wọ́n sì ń pe Régine ní Ìyàwó Mésìé. Kò sí ẹ̀gàn nínú rẹ̀. Wọ́n kàn ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ̀kọ́ Ọjọ́rú tó ń ṣe fún àwọn ọmọ àdúgbò bẹ̀rẹ̀ láti ara Kévin, ọmọ-ọmọ Alàgbà Buraimoh tó ni ọgbà ńlá kan ní àdúgbò náà. Kévin kò mọ ìpín. Olùkọ́ rẹ̀ ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé orí rẹ̀ kò gba ìṣirò. Mésìé Dàpọ̀ mú un jókòó lọ́sàn-án Ọjọ́rú kan, nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ kò sí, ó da omi sínú ìgò kan, ó sì ní kó pín in sínú ife mẹ́rin kí ọ̀kan má ju èkejì. Láàárín oṣù kan Kévin ń pín ohun gbogbo. Alàgbà Buraimoh fún Mésìé ní yàrá onípáànù kan lẹ́yìn ọgbà, láìgba nǹkan kan. Ọmọ méjì dé, wọ́n di márùn-ún, wọ́n di mẹ́wàá. Ní ọdún kẹta, ọmọ bí ọgbọ̀n ló ń jókòó sórí àpótí ọtí tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, gbogbo wọn láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọmọ Nàgó, ọmọ Yorùbá, ọmọ Gabon díẹ̀ tí wọ́n ń bá wọn ṣeré.

Ohun tí wọ́n ń kọ́ kò tó nǹkan lójú. Wọ́n gé orí ìgò oníke, wọ́n fi rúlà fa ìlà sí i lára, wọ́n gbé e sórí òrùlé láti fi wọn òjò. Ní oṣù Kọkànlá òjò kan ṣoṣo kún un dé ẹnu, àwọn ọmọ sì bá ara wọn jiyàn títí wọ́n fi gbà pé ìgò tó gùn ju ìyẹn lọ ni àwọn ń fẹ́. Wọ́n lọ kó iyanrìn létí òkun, wọ́n wọ́ irin tí í fa irin kọjá lórí rẹ̀, wọ́n rí ẹ̀rún dúdú tó lẹ̀ mọ́ ọn. Lọ́dún 2023, ní Ọjọ́rú kan ní oṣù Kẹta, ó ri igi mọ́lẹ̀ lóòró láàárín ọgbà, ó ní kí wọ́n máa wo òjìji rẹ̀. Libreville fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó sórí ìlà tó pín ayé sí méjì, ọjọ́ méjì péré lọ́dún sì ni oòrùn ń dúró gangan sókè orí wa. Nígbà tó di nǹkan bí aago méjìlá ààbọ̀, òjìji náà kúrú, ó kúrú, ó sì tán.

Àwọn ọmọ pariwo. Símilolúwa nìkan ni kò pariwo. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà náà, tín-ínrín, ọmọ kan ṣoṣo tí obìnrin kan tó ń di irun bí.

"Mésìé," ó ní, "ṣé inú igi ló wọ̀ ni, àbí abẹ́ igi?"

"Ṣé ebi ló ń pa òjìji tó fi wọlé ni?" Kévin fi í ṣe yẹ̀yẹ́, gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín.

Símilolúwa mú rúlà, ó jókòó ti igi náà, ó sì ń wọn òjìji bó ṣe ń padà jáde ní apá kejì, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀ títí aago mẹ́ta fi lù tí ìyá rẹ̀ wá pè é. Ní alẹ́ ọjọ́ náà Mésìé sọ fún Régine pé ọmọ kan wà tí òun kò ní ohun tí òun fi máa kọ́ ọ mọ́ tí ọdún méjì bá kọjá, àyàfi tí ẹlòmíràn bá gbà á lọ́wọ́ òun.

Ní oṣù Kejì ọdún tó tẹ̀ lé e, ó dà bíi pé ẹlòmíràn náà dé. Ẹgbẹ́ kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ti kọ́ gbọ̀ngàn kan sí Angondjé, ní ìpẹ̀kun ìlú náà. Wọ́n rán obìnrin Gabon kan tó ń jẹ́ Lucienne wá wo yàrá onípáànù náà. Ó jókòó sórí àpótí ọtí bíi ti àwọn ọmọ, ó gbọ́ bí Símilolúwa ṣe ṣàlàyé pé òjò orí òrùlé kò lè bá òjò abẹ́ igi máńgòrò dọ́gba. Kò rẹ́rìn-ín bí àgbà ṣe máa ń rẹ́rìn-ín sí ọmọdé. Ó kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

Nígbà tí àwọn ọmọ lọ tán, ó fi Faransé sọ àdéhùn rẹ̀, ó sì sọ ọ́ kedere. Ní gbogbo Ọjọ́rú, ọkọ̀ yóò wá kó àwọn ọmọ láti Venez-Voir lọ sí Angondjé. Awò tí í sọ ohun kékeré di ńlá wà níbẹ̀, òṣùwọ̀n wà níbẹ̀, olùkọ́ láti yunifásítì wà níbẹ̀. Àwọn tó bá dára jù, ẹgbẹ́ yóò bá wọn wá àyè sí ilé ẹ̀kọ́ girama tó dára. Mésìé Dàpọ̀ fúnra rẹ̀ yóò wà lára àwọn olùkọ́, orúkọ rẹ̀ yóò sì wà lórí ìwé gẹ́gẹ́ bí olùkọ́.

"Ṣùgbọ́n ọmọ mẹ́rìnlélógún, ó kéré tán, ni mo gbọ́dọ̀ bá nínú yàrá yìí ní Ọjọ́rú kẹta oṣù Kẹrin," ni Lucienne wí. "Kí orúkọ kálukú wà nínú ìwé tí mo fẹ́ fi sílẹ̀ yìí, ọjọ́ ìbí rẹ̀, ìlú òbí rẹ̀, iye ọmọ tó wà nílé. Àdúgbò mìíràn náà ń béèrè. Tí iye yín kò bá pé, wọn kò ní dá mi lóhùn lọ́fíìsì."

Mẹ́rìnlélógún! Ọgbọ̀n ni wọ́n. Mésìé Dàpọ̀ kò tilẹ̀ ronú nípa rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ó fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dà ìwé náà kan kó gbé e lọ sílé. Ìwé mẹ́rin ló padà. Ó dúró ọ̀sẹ̀ méjì, kò sí ìkarùn-ún. Ó rò pé Faransé inú ìwé náà ló le jù fún àwọn ìyá, nítorí náà, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan ní oṣù Kẹta, ó mú ìwé kíkọ àti gègé, ó sì lọ bá wọn fúnra rẹ̀ nínú ọgbà Alàgbà Buraimoh.

Àwọn obìnrin jókòó síbẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń jókòó lọ́jọ́ Àìkú. Wọ́n ń di irun ara wọn, wọ́n ń ṣa ìrẹsì. Àwọn ọmọ ń sáré yí wọn ká. Ìyá Kàdíjátù, tó dàgbà jù nínú wọn, Nàgó ará Kétu, ẹni bí àádọ́rin ọdún, wà lórí àga tirẹ̀ lẹ́bàá ògiri.

"Ẹ kú ìsinmi o," ni Mésìé wí.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Mésìé. Ṣé àwọn ọmọ ti ṣẹ̀ yín ni?"

"Rárá o. Ìwé kékeré kan ni. Mo fẹ́ mọ iye ọmọ tó wà nílé kọ̀ọ̀kan."

Ọwọ́ àwọn tó ń di irun dúró. Ìyá Tùmínínú, obìnrin ẹlẹ́rìn-ín kan tó ń ta ẹja gbígbẹ, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Iye ọmọ kẹ̀? Ṣé ẹ fẹ́ dá aṣọ fún wọn ni?"

"Aṣọ kọ́. Ìwé ni. Mélòó ni tiyín, Ìyá Tùmínínú?"

"Wọ́n pọ̀, a dúpẹ́."

"Pọ̀ kì í ṣe nọ́ńbà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ Mésìé o! Pọ̀ kì í ṣe nọ́ńbà! Tí wọ́n bá jẹun tán tí ìkòkò ṣófo, nọ́ńbà wọn nìyẹn."

Òun náà rẹ́rìn-ín. Ó bi ẹlòmíràn, ìyẹn ní Ọlọ́run nìkan ló mọ̀. Ó bi ẹ̀kẹta, ìyẹn dìde lọ wo iná rẹ̀. Nígbà tó rí i pé wọn kò ní dá a lóhùn, ó ṣe ohun tó ti ń ṣe sí ìgò fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ó na ìka sí àwọn ọmọ tó ń sáré kiri, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n sókè lọ́kọ̀ọ̀kan ní Faransé. Ó ti dé mẹ́tàdínlógún, orí Tùmínínú gan-an, nígbà tí Ìyá Kàdíjátù kígbe.

"Dàpọ̀! Sọ ọwọ́ rẹ kalẹ̀!"

Ó sọ ọ́ kalẹ̀.

"A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ta ló kọ́ ẹ ní irú èyí?"

"Màmá, ẹ má bínú. Ìṣirò lásán ni. Ṣé ẹ̀yin náà kì í ka ẹyin ni? Ẹ kì í ka búrẹ́dì?"

"Mi ò rọbí ẹyin."

"Màmá…"

"Gbọ́ mi. Ọdún tí wọ́n lé àwa ará Benin kúrò níbí, mo wà níbẹ̀. Wọ́n kó wa jọ síbi kan bí ẹran. Sójà kan ní ìwé lọ́wọ́ bíi tìẹ yìí. Ó ní ọmọ mélòó ni mo ní, mo ní mẹ́ta. Ó na ìka, ó ka méjì, ó ní ó pé. Mo ní kò pé, ọ̀kan wà lọ́dọ̀ aládùúgbò mi. Ó ní ohun tó wà nínú ìwé ti pé. Wọ́n tì mí wọ ọkọ̀ òfúrufú. Kàdíjátù ló kù sẹ́yìn. Ọdún méjì gbáko kí n tó tún fi ojú kàn án, kò sì mọ̀ mí mọ́."

Kò sí ẹni tí kò tíì gbọ́ ìtàn náà rí nínú ọgbà náà, àyàfi Mésìé Dàpọ̀ tí kì í jókòó láàárín àwọn obìnrin.

Ó yẹ kó pa ìwé rẹ̀ dé kó máa lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn náà, ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ṣùgbọ́n ó ro ti Lucienne, ó ro ti ọjọ́ tí kò jìnnà mọ́, ó sì rò pé ìbànújẹ́ àtijọ́ ni ti màmá yìí, àánú ni èèyàn fi ń dá irú rẹ̀ lóhùn.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá," ó ní. "Ìyẹn ti pẹ́. Èmi kì í ṣe sójà."

Ó wá ka ìyókù. Kò na ìka mọ́. Ojú ló fi kà wọ́n, ó ń gbé ojú láti orí ọmọ kan dé orí ọmọ kejì, ètè rẹ̀ sì ń mì díẹ̀díẹ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Gbogbo àwọn obìnrin náà ń wo ojú rẹ̀ bó ṣe ń lọ.

Ní Ọjọ́bọ̀, ibà gbé Tùmínínú. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì fi máa mọ́, gìrì ti mú un, wọ́n sì ti gbé e dé ilé ìwòsàn. Ọmọ ọdún méje ni. Ìyá rẹ̀ jókòó tì í fún ọjọ́ márùn-ún láìwẹ̀, kò sì sọ ọ̀rọ̀ kan nípa Mésìé. Kò nílò kó sọ ọ́. Àwọn yòókù ti sọ ọ́ fún un kí wọ́n tó fa omi sí ọmọ náà lára. Ní ìdí ẹ̀rọ omi, ní ẹnu ọ̀nà ilé búrẹ́dì, ọ̀rọ̀ kan ni: ibi tí ìka rẹ̀ ti dúró ni àìsàn ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó sì yá, ẹnìkan sọ èyí tó burú jù, kò sì sẹ́ni tó mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́: ẹni tí kò bí ló ń ka ti ẹni tó bí.

Mésìé Dàpọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn, ó gbé ọsàn dání. Ìyá Tùmínínú gba ọsàn náà, ó dúpẹ́, kò sì jẹ́ kó dé ibi ibùsùn. Lọ́jọ́ kejì Régine rí ọsàn náà nínú àpò níwájú ẹnu ọ̀nà wọn, ó pé.

Mésìé mú ìwé, ó ṣe ìṣirò rẹ̀. Ọmọ ọgbọ̀n ní Venez-Voir, nínú oṣù òjò, níbi tí omi ìdọ̀tí ti dúró lábẹ́ fèrèsé gbogbo ilé: kí ọ̀kan nínú wọn ní ibà láàárín ọ̀sẹ̀ kan kì í ṣe ohun ìyanu. Kí ó má sí ẹni tó ní in ni ì bá jẹ́ ìyanu. Ìṣirò náà péye. Ó wò ó títí, kò rí ẹni tó lè fi hàn.

Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, ọmọ mọ́kànlá ló wá. Ní èyí tó tún tẹ̀ lé e, mẹ́fà. Símilolúwa kò sí nínú wọn.

Ó lọ bá ìyá Símilolúwa ní ọjọ́ Sátidé. Victorine ni orúkọ rẹ̀, ó ka ìwé dé kíláàsì kẹta girama ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, kí ó tó wá sí Gabon. Òun ni Mésìé rò pé ọ̀rọ̀ máa yé.

"Ẹ wọlé, Mésìé. Ẹ jókòó."

"Mi ò ní jókòó. Símilolúwa kò wá fún ọ̀sẹ̀ méjì."

"Ó ń bá mi di irun."

"Ìyá Símilolúwa, ẹ gbọ́. Láti ọdún mẹ́ta tí mo ti ń kọ́ ọmọ, àwọn tí mo ti kọ́ tó…"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ iye wọn."

Mésìé rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ̀yin náà lọ sí ilé ìwé. Ẹ mọ̀ pé ibà kì í wá láti inú kíka."

"Mo mọ̀. Ẹ̀fọn ni. Wọ́n kọ́ mi dáadáa."

"Kí ló wá dé?"

Victorine fi okùn irun sílẹ̀. "Mésìé, ẹni tó bí púpọ̀ lè fi ohun tó mọ̀ dán nǹkan wò. Èmi, ọ̀kan yìí ni mo ní. Mo mọ̀ pé ẹ̀fọn ni. Tó bá di òru tí mo sì ń wò ó tó ń sùn, mi ò mọ̀ ọ́n mọ́. Kò lè yé yín. Ẹ ò tíì…"

Kò parí rẹ̀. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ní, "Ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Mésìé sì ní kò sí nǹkan kan. Ẹsẹ̀ Símilolúwa hàn lábẹ́ aṣọ tí wọ́n fi pín yàrá, ó dúró láìmira.

Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo ló kù fún Mésìé tó ń bá a sọ ọ̀rọ̀ náà ní gbangba. Nùrúdíìnì ni, ará Benin, tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe nítòsí ọgbà náà. Nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí Lucienne dé, ó wá bá a nínú yàrá onípáànù.

"Púrọ́fẹ́sọ̀, ẹ jẹ́ n lọ kó ọmọ wá lẹ́yìn ọjà. Ogún, ọgbọ̀n, iye tẹ́ ẹ bá fẹ́. Ṣé obìnrin yẹn mọ̀ wọ́n lójú ni?"

"Orúkọ wà nínú ìwé."

"Ẹ sọ wọ́n lórúkọ fún wákàtí méjì. Màá fún wọn ní bísíkíìtì, wọ́n á máa jẹ́ orúkọ tẹ́ ẹ bá pè."

"Nùrú, wọ́n ní mo ka ọmọ ọlọ́mọ. Kí n tún wá yá ọmọ ọlọ́mọ?"

Nùrúdíìnì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì pẹ́. "Àwọn obìnrin yìí ò kórìíra yín o. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n."

"Ìkórìíra ì bá sàn. Mo lè bá ẹni tó kórìíra mi jà."

Lucienne dé ní aago méjì ààbọ̀, ní Ọjọ́rú kẹta oṣù Kẹrin. Mésìé ti gbá yàrá, ó ti to ohun gbogbo sílẹ̀: ìgò òjò, òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ìbòrí ìkòkò méjì ṣe, irin tí í fa irin. Ọmọ méje ló jókòó. Mẹ́rin nínú wọn jẹ́ ọmọ Gabon tí ìyá wọn kò gbọ́ ohun tí àwọn Nàgó ń sọ. Kévin wà níbẹ̀ nítorí pé Alàgbà Buraimoh fi agbára mú un wá, ó sì dojú bolẹ̀.

"A ó dúró díẹ̀," ni Lucienne wí.

Wọ́n dúró. Ní aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Símilolúwa wọlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, apá kan irun rẹ̀ dídì, apá kejì títú. Ó jókòó sí àyè rẹ̀ níwájú. Lucienne rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fi gègé kan orí ìwé rẹ̀, ó kọ ọ́.

Victorine dé kété lẹ́yìn rẹ̀. Kò pariwo. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí Mésìé, ó kí àlejò náà ní Faransé, ó sì lọ di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú.

"Dìde."

"Màmá, mẹ́jọ péré ni wá. Tí mo bá lọ, á ku méje."

"Ṣé o gbọ́ ara rẹ? Ìwọ náà ti ń kà wọ́n." Omi ti kún ojú ìyá náà. "Dìde, ọmọ mi. Mo bẹ̀ ọ́."

Símilolúwa wo Mésìé. Ọ̀rọ̀ kan ló ń dúró dè lẹ́nu rẹ̀, àgbà ni, olùkọ́ sì ni. Mésìé mọ̀ pé tí òun bá ní kó jókòó, yóò jókòó. Ó wo ìyá, ó wo ọmọ.

"Tẹ̀ lé ìyá rẹ," ó ní.

Lucienne pa ohun tó kọ gbẹ̀yìn rẹ́. Lẹ́yìn náà ó bi í ní ohùn jẹ́jẹ́ pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ní oṣù Kejì, ọmọ kún yàrá yìí. Mésìé Dàpọ̀, tó ti sọ Faransé láti ọmọ ọdún mẹ́rin, wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi sọ ọ́, kò rí i. Bí ó bá sọ ọ́ bó ṣe rí, obìnrin yìí yóò padà lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀ pẹ̀lú ìtàn àwọn aláìmọ̀kan kan ní Venez-Voir tí ń bẹ̀rù nọ́ńbà, Ìyá Kàdíjátù yóò sì di ohun ẹ̀rín fún àwọn tí kò rí i rí. Ojú tì í fún wọn, ó sì tì í fún ara rẹ̀.

"Ọwọ́ àwọn òbí dí," ó ní.

Lucienne kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Lẹ́tà dé kí oṣù tó parí. Wọ́n dúpẹ́ fún iṣẹ́ rere rẹ̀, wọ́n ní àwọn òbí ní àdúgbò náà kò tíì fi ìfẹ́ tó pọ̀ tó hàn sí ẹ̀kọ́ ọmọ wọn, ẹgbẹ́ sì ti yan àdúgbò mìíràn.

Tùmínínú ti gbádùn tipẹ́ kí lẹ́tà náà tó dé. Ó ń gbá bọ́ọ̀lù nínú ọgbà. Ìyẹn kò yí nǹkan kan padà. Lójú àwọn ìyá, ó gbádùn nítorí pé wọ́n tètè mú àwọn ọmọ kúrò níbẹ̀.

Ní oṣù Karùn-ún, Alàgbà Buraimoh ránṣẹ́ pé òun fẹ́ kó símẹ́ǹtì sínú yàrá náà. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó sì fi kún un pé òun kò gba ohun tí àwọn obìnrin ń sọ gbọ́, ṣùgbọ́n láàárín wọn ni òun ń gbé. Mésìé kó àwọn ìgò rẹ̀ sínú páálí méjì. Nùrúdíìnì bá a gbé ọ̀kan.

Ìyá Kàdíjátù wá sílé wọn ní ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù Kẹfà, ó ń fi ọ̀pá rìn, ó gbé àkàsà dání fún Régine. Ó jókòó, ó bèèrè àlàáfíà, ó sọ̀rọ̀ ooru. Lẹ́yìn náà ó ní, "Dàpọ̀, mo gbọ́ pé ọkọ̀ ni wọ́n fẹ́ fi máa kó wọn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Àti pé wọ́n ti gbé e fún àwọn ẹlòmíràn."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó mi orí fún ìgbà pípẹ́. "Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Kétu, tí àwọn agbowó-orí bá fẹ́ mọ iye ọmọ tó wà lágboolé, baálé wa kì í kà wọ́n. Á gbé igbá kan sáàárín ilé. Ìyá kọ̀ọ̀kan á ju òkúta wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀, òkúta kan fún ọmọ kan. Wọ́n á wá ka òkúta. Òkúta kò ní ẹ̀mí, kò sí ohun tó lè ṣe é. Ká ní o gbé igbá wá lọ́jọ́ yẹn, èmi ni mo máa kọ́kọ́ dìde jù ú. Gbogbo wọn ì bá jù ú."

Òkúta kan fún ọmọ kan. Ohun tí Mésìé Dàpọ̀ ń kọ́ àwọn tó kéré jù lọ nìyẹn, ní ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an.

"Màmá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"O ò bi mí. Ìka lo nà." Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. "Mo sì rò pé o mọ̀ ọ́n ni, tó ò kàn kà wá sí. Ọmọ Yorùbá ni ẹ́, ìwọ ni olùkọ́ ìṣirò. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé o ò mọ̀?"

Mésìé sún mọ́ ọn. "Tí mo bá gbé igbá wá báyìí ńkọ́?"

Obìnrin àgbà náà wò ó pẹ̀lú àánú, bí Mésìé náà ṣe wò ó nínú ọgbà lọ́jọ́ Àìkú yẹn.

"Kí o fi ka kí ni, ọmọ mi? Símẹ́ǹtì ló wà níbẹ̀."

Régine jáde láti ìdí iná, ó mú Màmá dé ẹnu ọ̀nà, ó dì í lápá mú sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Nígbà tó padà wọlé, ọkọ rẹ̀ ṣì jókòó síbi tó wà, Régine sì bi í pé kí ni Màmá wá sọ. Ọkọ ní ó wá kí àwọn ni.

Símilolúwa ti wọ kíláàsì àṣekágbá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ báyìí, nínú yàrá tí ọmọ ọgọ́rin ó lé ti ń pín olùkọ́ kan. Olùkọ́ náà bá Mésìé Dàpọ̀ pàdé nínú tàkísì lọ́jọ́ kan, wọ́n sọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́, Mésìé sì bèèrè ọmọ náà. Ó pẹ́ kí olùkọ́ tó rántí rẹ̀. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, ó ní, kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, kì í bèèrè nǹkan kan.